Geocaching ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: bí a ṣe ń wá a, bí a ṣe ń fi í pamọ́, bí a ṣe ń pàdé àwọn tó ń ṣe é

Geocaching fúnra rẹ̀ kò le. Ẹnì kan fi ike kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní cache, pamọ́ síbì kan, ó gbé nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibẹ̀ lórí máàpù sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn fi GPS, ẹ̀rọ tó ń fi satẹ́láìtì mọ ibi téèyàn wà, wá a lọ, ó kọ orúkọ sínú ìwé tó wà nínú rẹ̀, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Ohun tó le nílẹ̀ tiwa ni kéèyàn mọ ibi tí kò yẹ kó fẹsẹ̀ tẹ̀, ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn, àti ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí kó tó máa tú abẹ́ igi onígi wò. Fóònù kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Eré náà kò tíì pẹ́ láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú dída àmì GPS rú mọ́ aráàlú lójú. Lọ́jọ́ 3 oṣù náà, Dave Ulmer gbé garawa kan pamọ́ sínú igbó ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó kéde nọ́ńbà ibẹ̀, ó ní kí ẹni tó bá rí i mú nǹkan kan níbẹ̀ kó sì fi nǹkan kan rọ́pò. Òfin yẹn là ń tẹ̀ lé títí dòní. Cache tó wà káàkiri ayé ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, àmọ́ tí Nàìjíríà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yúróòpù. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá fẹ́ràn eré yìí, ẹnu àjò ni yóò ti rí èyí tó pọ̀ wá. Nílé, àfi kó gbin tirẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ JÁDE NÍLÉ

1. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí geocaching.com. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ ìnagijẹ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé báńkì yín, torí gbogbo ayé ló máa rí i.

2. Ẹ gbé áàpù sórí fóònù. Ti geocaching.com fúnra wọn dáa, àmọ́ ẹni tí kò bá sanwó kò ní rí gbogbo cache nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Android tún lè gba c:geo, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì máa ń jẹ́ kéèyàn kó máàpù àti àlàyé cache pamọ́ sínú fóònù.

3. Ẹ kó ohun gbogbo sínú fóònù nígbà tí dátà ṣì wà. Bí ẹ bá ti yà kúrò lójú títì wọ inú oko, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ pátápátá. GPS yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, torí ọ̀dọ̀ satẹ́láìtì ló ti ń gba àmì, àmọ́ máàpù yóò funfun báláú. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìtanilólobó, àti ohun tí àwọn tó ti lọ ṣáájú kọ. Bí àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn bá kọ DNF, ìyẹn ni pé wọ́n wá a tì, ẹ má wulẹ̀ sun epo lórí ẹ̀.

4. Ẹ wo D àti T. D ni bí ó ti ṣòro tó láti rí, T ni bí ọ̀nà ibẹ̀ ti rí. Láti 1 dé 5 ni wọ́n ń kà á. T1 túmọ̀ sí pé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè débẹ̀. T5 túmọ̀ sí pé ẹ nílò ọkọ̀ ojú omi, okùn ìgòkè tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo bí ike náà ti tóbi tó. Micro kò tó ìlàjì ago tíì, kò gba mìlílítà 100. Small gba láti ibẹ̀ dé lítà kan. Regular gba lítà kan sí 20. Ẹni tó bá ń wá nǹkan tó tó ike bọ́tà nígbà tó jẹ́ pé èyí tó tó orí ìka ni wọ́n fi pamọ́, ilẹ̀ ni yóò ṣú mọ́ ọn lórí.

5. Inú àpò: páwà báǹkì, lẹ́ẹ̀dì kan àti bírò kan (bírò kì í kọ lórí bébà tó tutù), tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́, ọ̀pá tó gùn tó apá, omi, náílọ́ọ̀nù méjì mẹ́ta, àti ohun pàṣípààrọ̀ kéékèèké. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Sálúbàtà kọ́.

Nọ́ńbà ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ rèé: N 06° 49.200 E 003° 55.000. Dìgírì ló ṣáájú, ìṣẹ́jú àti ìdá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Àwọn kan yóò wò ó, wọ́n á tẹ 6.49200, 3.55000 sínú Google Maps. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn wà ní sàkáání Ìjẹ̀bú-Òde. Èyí tí wọ́n tẹ̀ yìí wà nínú ọ̀sà Èkó, lọ́wọ́ Àjá, ó sì fi ohun tó lé ní 50 kìlómítà jìnnà sí ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ fi 60 pín ìṣẹ́jú: 49.2 di 0.82, 55 di 0.91667. Ohun tó yẹ kí ẹ tẹ̀ ni 6.82000, 3.91667. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan ṣi nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn pátápátá nínú ìṣẹ́jú kọ, kò ju mítà méjì lọ, ẹ ṣì máa rí i. Bí ẹ bá ṣi èyí tó ṣáájú àmì ẹyọ kọ, ìṣẹ́jú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì, abúlé ẹlòmíràn lẹ máa bá ara yín. Bí áàpù bá béèrè irú máàpù tí ẹ fẹ́, WGS84 ni.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ DÉBẸ̀

Lójú gbangba, fóònù tó dáa máa ń ṣìnà tó mítà márùn-ún. Lábẹ́ igi obì, nínú oko kòkó, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alájà, ó lè di mẹ́wàá tàbí ogún, torí àmì satẹ́láìtì ń ta lu ògiri àti ewé kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, tó bá ti ku bíi mítà márùn-ún, ẹ ki fóònù bọ àpò. Ọfà orí rẹ̀ yóò kàn máa pòòyì bí ẹ bá dúró lójú kan. Bó bá ń pòòyì nígbà tí ẹ ń rìn pàápàá, ẹ na fóònù jìnnà sí mọ́tò àti ọ̀kadà, kí ẹ máa fì í lọ fì í bọ̀ bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8 sínú afẹ́fẹ́, kọ́ńpáàsì rẹ̀ á padà bọ̀ sípò.

Láti ibẹ̀, ojú àti làákàyè ló kù. Ẹ bi ara yín pé, ká ní èmi ni mo fẹ́ fi í pamọ́, ibo ni mi ò ní fi sí? Ẹ yọ ìyẹn kúrò. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ohun tí kò bá ìyókù mu: òkúta mẹ́ta tó jókòó léra wọn nígbà tí ìyókù fọ́n ká, èèpo igi tó ṣí díẹ̀, bóòtù tí kò dógùn-ún lára irin tó ti dógùn-ún. Ẹ fọwọ́ wá abẹ́ irin, torí òòfà ni wọ́n fi ń lẹ àwọn kéékèèké. Ihò igi àti abẹ́ òkúta, ọ̀pá ni kó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Àkekèé fẹ́ràn ibi tí cache máa ń wà gan-an ni, ejò náà bẹ́ẹ̀, ìjàlọ kò sì ní kí ẹ kú àbọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ rárá. Òfin eré náà kò gbà kí wọ́n ri cache mọ́lẹ̀ láìgbàṣẹ onílẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ ń fi ara rẹ̀ ṣòfò, ó sì ń ba oko olóko jẹ́.

Bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá, ẹ ka ọ̀rọ̀ ìtanilólobó. Kò sí ẹ̀yẹ kankan nínú kíkọ̀ láti kà á. Bí ẹ bá wá a tì, ẹ kọ DNF sórí áàpù láìtijú; òun ni ẹni tó ni ín yóò fi mọ̀ pé ó yẹ kóun lọ wò ó.

OHUN TÍ KÌ Í ṢE CACHE

Ibí yìí ni kí àlejò ti fetí sílẹ̀, títí kan ọmọ ilẹ̀ tó dàgbà sí Èkó tàbí òkè òkun.

Igbá tàbí ìkòkò ní oríta mẹ́ta kì í ṣe cache. Aṣọ pupa tí wọ́n so mọ́ igi, tàbí ìkarahun tí wọ́n gbé kọ́ sí àárín oko, ààlè ni; ẹni tó ni oko ló fi dáàbò bo irè rẹ̀. Bí ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà igbó kan, ẹ padà sẹ́yìn, ọfà fóònù ì báà máa tọ́ka síwájú. Igbó Orò àti igbó Agẹmọ wà káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, máàpù orí fóònù kì í fi wọ́n hàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá Orò ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà: lọ́jọ́ náà obìnrin kì í jáde, ọkùnrin àlejò náà yóò sì ṣe dáadáa bó bá jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà ọdún Agẹmọ, obìnrin kì í fojú kàn án. Ẹ tún ọjọ́ àjò yín ṣe, kí ẹ má bá ọdún ìlú du ọ̀nà.

Cache gidi sábà máa ń ní àkọlé GEOCACHE lára, àti kóòdù tó fi GC bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ má ṣí i.

Àwọn èèyàn yóò bi yín ní ohun tí ẹ ń wá. Ẹ má sá, ẹ má ṣe bí ẹni ń pe ẹnì kan lórí fóònù. Ẹ kí wọn kí wọ́n tó kí yín. Bàbá tó jókòó sí ìdí igi yẹn, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀: «Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, eré kan là ń ṣe. Ẹgbẹ́ wa fi ike kékeré kan pamọ́ sí sàkáání ibí, a fẹ́ kọ orúkọ wa sínú ìwé tó wà nínú ẹ̀ ni, a ó dá a padà.» Kí ẹ na fóònù sí wọn kí wọ́n wò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, Bàbá mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn ń wo bí ẹ ó ṣe ṣe ni. Ẹ má ṣe dárúkọ ìṣúra, bí ó ti wù kó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ làwọn òyìnbó ń pè é. Ẹni bá gbọ́ ìṣúra gbọ́ wúrà, ẹni bá sì gbọ́ wúrà yóò dúró tì yín títí ẹ ó fi fi ohun tí ẹ rí hàn án. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ojú ewé cache náà lórí fóònù ni kí ẹ fi hàn, ohùn pẹ̀lẹ́. Kò sí cache kan tó tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ bá ọlọ́pàá jiyàn.

Ẹ má dúró wá ohunkóhun lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin tàbí ti Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

KÍKỌ ORÚKỌ, ÀTI ÀWỌN ARÌNRÌN-ÀJÒ KÉKERÉ

Ọjọ́ àti orúkọ ìnagijẹ, ó tán. Ẹ ká ìwé náà bí ẹ ṣe bá a, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú náílọ́ọ̀nù jáde kí ẹ tó dì í, ẹ dé ike náà kó ró. Ibi tí ẹ ti rí i gan-an ni kí ẹ dá a padà sí, kì í ṣe ibi tí ẹ rò pé ó dára jù. Bí ẹ bá mú nǹkan kan, kí ohun tí ẹ fi rọ́pò tó o tàbí kó jù ú lọ.

Bí ẹ bá bá irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fín nọ́ńbà sí nínú rẹ̀, tàbí owó ẹyọ tó ní kóòdù, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ó ń rìnrìn àjò ni, ẹni tó ni ín ń tọpa rẹ̀ lórí ìkànnì. Ẹ lè mú un, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó gbé e sínú cache mìíràn láìpẹ́. Ẹ kọ kóòdù rẹ̀ sórí ìkànnì pé ẹ ti mú un, àmọ́ ẹ má ya fọ́tò kóòdù náà síta, torí ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè parọ́ pé òun ti fọwọ́ kàn án. Níbi tí cache kò pọ̀ sí bíi tiwa, irú nǹkan yìí máa ń há sọ́wọ́ ẹni. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ fi lé arìnrìn-àjò mìíràn lọ́wọ́ níbi ìpàdé.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ GBIN TIYÍN

Àlejò tó máa padà lọ lọ́la kò gbọdọ̀ gbin. Àwọn tó ń yẹ cache wò kí wọ́n tó gbé e jáde yóò béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bí mọ̀lẹ́bí yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìkẹ́nnẹ́ bá gbà láti máa bá yín wò ó, ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé ìbéèrè.

Onílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ rí olórí ẹbí, kì í ṣe ọmọ tó kọ́kọ́ sọ pé kò burú. Ẹ mú ike náà dání kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹra fún ilé-ìwé, báńkì, àgọ́ ọlọ́pàá, bárékè, afárá, ojú irin rélùwéè, ilé epo àti ojúbọ. Ẹ wo máàpù bóyá cache mìíràn wà nítòsí: ó gbọ́dọ̀ fi mítà 161 jìnnà sí tiyín, ó kéré tán.

Ike tí ìdérí rẹ̀ ń pa kẹ́kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ní rọ́bà yíká ẹnu, ni kí ẹ rà. Ike áísìkiríìmù kò dára: oòrùn á sán ẹnu rẹ̀, òjò àkọ́kọ́ á kún un. Ike fíìmù kámẹ́rà àtijọ́ náà ń jò. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ewé, kí ẹ kọ GEOCACHE àti kóòdù rẹ̀ sí i lára gàdàgbà. Inú rẹ̀: ìwé tó wà nínú náílọ́ọ̀nù tó ń dì lẹ́nu, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti gbẹ́, àpò kékeré tó ń fa omi tí wọ́n máa ń kó sínú páálí bàtà, nǹkan ìṣeré. Oúnjẹ kò wọ ibẹ̀. Eku yóò jẹ ike náà mọ́ ọn. Ìṣáná, abẹ, oògùn àti ọtí náà kò wọ ibẹ̀. Ẹ wá fi bébà kan lé gbogbo rẹ̀ lórí, tí ẹ kọ lédè wa:

«Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fòyà. Kì í ṣe ẹbọ, kì í ṣe oògùn, kò sí owó níbẹ̀. Eré tí a ń fi fóònù ṣe ni, onílẹ̀ sì mọ̀ sí i. Ẹ lè kọ orúkọ yín sínú ìwé yìí. Ẹ bá wa dá a padà síbi tí ẹ ti rí i. A dúpẹ́.»

Bébà yẹn ti gba cache là ju àwọ̀ ewé lọ.

Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lákòókò òjò, ìṣàn á gbé e lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ á fi iná sun igbó, ike á yọ́. Ẹ so ó mọ́ gbòǹgbò tó ga tàbí ẹ̀ka, ó kéré tán kó tó orúnkún. Kí ẹ tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ dúró lójú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ fi mẹ́ta pín in. Ẹni tó kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo lábẹ́ igi ńlá ló ń dá gbogbo wa láàmú.

Erédò Súngbọ́ ń kọ́? Yàrà àti odi tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká yìí gùn ju 160 kìlómítà lọ, níbòmíràn ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣe geocaching ni yóò fẹ́ gbin nǹkan síbẹ̀. Ẹ má gbin ín sára odi: ẹsẹ̀ tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lójú kan náà yóò jẹ́ kó ya lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibojì Bílíkísù Súngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rì, ibi ìjọ́sìn ni. Ohun tó bá irú ibẹ̀ mu ni multi, cache onípele. Ẹ ní kí àlejò dé ibi tí aráàlú ń dúró wò ó, kó ka nǹkan tó wà ní gbangba, bí ọdún tí wọ́n kọ sára pátákó. Bó bá jẹ́ 1948, A di 1, B di 9, C di 4, D di 8. Wọ́n á fi àwọn wọ̀nyí dí àlàfo nọ́ńbà tó kù, nọ́ńbà náà á sì gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé oúnjẹ kan tí ẹni tó ni ín ti gbà kí ike wà lọ́dọ̀ òun. Àlejò ti rí ohun tó wá rí, odi kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá.

PÍPÀDÉ ARA WA

Ìpàdé náà ní ojú ewé tirẹ̀ bíi cache. Event ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó ní ibi àti aago kan pàtó, kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi owó ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wá, ẹ ṣọ́ra, ó lè jẹ́ gbájú-ẹ̀.

Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ló ń kó èèyàn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde jù lọ. Ẹ lo àǹfààní rẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ìpàdé sí ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀nà yóò dí, ẹṣin àti ìbọn yóò gba ojú gbogbo èèyàn, ariwo kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ra yín. Àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ ló dáa, kí àlejò tó máa padà lọ. Ilé ìtura ni kí wọ́n gbà ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ iye èèyàn, ẹ ní kó se ìkọ́kọrẹ́ ẹlẹ́ja. Bí ẹ bá fi ọ̀yàyà bẹ̀rẹ̀, ó lè má gbowó ìjókòó lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé ìwé ńlá kan sórí tábìlì fún orúkọ, àti àwo kan tí àwọn èèyàn yóò kó àwọn arìnrìn-àjò kékeré sí láti ṣe pàṣípààrọ̀. Sítíkà orúkọ lára aṣọ kò pọn dandan, ó kàn máa ń gbani lọ́wọ́ ìtìjú.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń lọ sí ìlú onílùú, ẹ fi àpótí ìránṣẹ́ orí ìkànnì kọ̀wé sí àwọn tó gbin cache níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó lò, irú cache tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ béèrè èyí tí kò yẹ kí ẹ fo. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ewé onítọ̀hún: ìgbà tó ti wọ eré, iye tó ti rí, irú ọ̀rọ̀ tó ń kọ. Ẹni tó wọlé lánàá tí kò tíì rí ẹyọ kan, tó ń pè yín wá ilé rẹ̀ lálẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Gbangba ni kí ìpàdé àkọ́kọ́ wà, lọ́sàn-án, kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ẹ wà. Gààrí Ìjẹ̀bú jẹ́ ẹ̀bùn tó dáa nílẹ̀ Yorùbá. Lókè òkun, ẹ wádìí òfin aṣọ́bodè wọn lórí oúnjẹ kí ẹ tó dì í sínú báàgì, torí wọ́n lè gbà á dànù. Owó ẹyọ geocaching tàbí nǹkan kékeré tí wọ́n fi àdìrẹ rán kì í fa wàhálà.

Lẹ́yìn tí cache yín bá ti jáde, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní òpin rẹ̀, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá sun igbó tán. Bí DNF méjì bá tẹ̀ léra, ẹ lọ wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì tì í lórí ìkànnì títí ẹ ó fi débẹ̀. Bí ẹ bá ń kó kúrò nílùú, tí kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ pa á rẹ́ lórí ìkànnì, ẹ lọ gbé ike náà kúrò, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ onílẹ̀.